Bí mo ṣe dé ìdí Mosi-oa-Tunya

Ọmọ Ìgbómìnà ni mí, láti ìhà Ọ̀wá Kájọlà, níbi tí omi Òwu ti ń já láti orí àpáta. Láti kékeré la ti ń dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, tí a ó gbójú sókè títí ọrùn á fi máa ro wá. Ìyá mi kì í jẹ́ ká fẹsẹ̀ kan omi náà láìkọ́kọ́ kí i. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Lusaka, olú ìlú Zambia, ní kí n wá kí òun lóṣù kẹrin, mo sọ fún un pé Mosi-oa-Tunya ni mo fẹ́ fojú mi rí, omi tí àwọn òyìnbó ń pè ní Victoria Falls.

Ìlọrin ni mo ti gbéra. Mo gba físà, mo sì mú káàdì yẹ́lò tí wọ́n ń gbà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání. Ẹ má gbàgbé káàdì yẹn o, wọ́n ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọ Zambia.

Láti Lusaka dé ìlú Livingstone lé ní kìlómítà 450. Bọ́ọ̀sì ìdájí la wọ̀. Lọ́nà, a jẹ nshima, oúnjẹ ìyẹ̀fun àgbàdo funfun. Tùwó wa gan-an ni, gbẹ̀gìrì nìkan ló kù.

Lọ́jọ́ kejì, ojú ọ̀nà la ṣì wà tí mo ti rí i. Ìkùukùu omi rẹ̀ ń rú sókè bí èéfín oko tí wọ́n ń sun, ojú ọ̀run sì mọ́ kedere. “Èéfín tó ń sán bí àrá” ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ lédè ibẹ̀. Orúkọ yẹn ti wà kí David Livingstone, òyìnbó arìnrìn-àjò ará Scotland, tó dé ibẹ̀ lọ́dún 1855 tó fi orúkọ Victoria, ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pè é, òun ló sì yẹ ẹ́ jù lójú tèmi.

Obìnrin tó yá mi ní aṣọ òjò ní kí n fi fóònù sínú ọ̀rá, kí n so ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo so ó.

Ní Òwu, ìsàlẹ̀ lèèyàn ti ń wo òkè. Níbí, ilẹ̀ ló là gbọọrọ níwájú odò Zambezi, gbogbo odò náà sì ń já sínú rẹ̀. Etí kejì ibi tó là náà lèèyàn ń dúró sí, lọ́gbọọgba pẹ̀lú ibi tí omi ti ń já, tí á wá máa wo ìsàlẹ̀. Jíjìn rẹ̀ tó mítà 108. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1,708: tí a bá ń fẹsẹ̀ rìn ín, ó tó ogún ìṣẹ́jú.

Lórí afárá tóóró tí wọ́n ń pè ní Knife-Edge, ìsàlẹ̀ ni òjò ti ń rọ̀ bọ̀ wá sókè. Àgbọ̀n mi ló kọ́kọ́ tutù, kó tó kan orí. Mo wolẹ̀, mo rí òṣùmàrè lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo di irin afárá mú, ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, tàbí kó jẹ́ ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Omi kún tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí àpáta rárá, àfi funfun.

Òjò ti ń dá níbẹ̀ lóṣù kẹrin, àmọ́ èyí tó rọ̀ lókè odò, ní Zambia àti Àńgólà, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí omi àti àpáta pa pọ̀, kó lọ lóṣù keje tàbí ìkẹjọ. Tó bá fi di oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, ọ̀pọ̀ ibi lápá Zambia á ti gbẹ di àpáta lásán. Tèmi, oṣù kẹrin náà ni mo tún máa lọ.

Omi wọ fóònù mi. Ọjọ́ méjì ló fi gbẹ kó tó tàn, fọ́tò mẹ́ta péré ló sì ṣeé wò.

Nígbà tí mo padà délé, mo fi wọ́n han ìyá mi. Ó wò wọ́n pẹ́, ó ní, “Ṣé o kí i?”

Mo ní, “Mo kí i, Ìyá mi. Mo fi gbogbo ẹnu kí i, n kò kàn gbọ́ ohùn ara mi ni.”