Bí A Ṣe Ń Lo Ìdìbò Orí Fóònù Láti Mú Àwọn Àgbàlagbà Kópa Nínú Ẹ̀kọ́

Ó ṣòro fún àgbàlagbà láti nawọ́ sókè nínú kíláàsì kí ó sì sọ pé ohun tí olùkọ́ ń sọ kò yé òun. Ó lè jẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí ẹni tí ó fi ọdún púpọ̀ jù lọ. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí ó ti jókòó lórí àga akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́yìn, tí ojú fi ń tì í láti ṣi ìdáhùn sọ. Nígbà tí olùkọ́ bá wá béèrè pé, “Ṣé ó yé yín?”, gbogbo wọn á mi orí, kò sì sí ẹni tí yóò mọ iye àwọn tí ó yé ní tòótọ́. Ìdìbò orí fóònù ń ṣí ọ̀nà kúrò nínú ìṣòro yìí: olùkọ́ á gbé ìbéèrè kan sí ojú pátákó, olúkúlùkù á dáhùn lórí fóònù tirẹ̀ láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ hàn, àpapọ̀ ìdáhùn á sì yọ níwájú gbogbo wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ̀rọ yìí fúnra rẹ̀ kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń fi ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ han olùkọ́ ní àkókò tí olùkọ́ ṣì lè ṣe nǹkan sí i. Nítorí náà, nínú gbogbo ìgbésẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ yìí, méjì ni mo kà sí pàtàkì jù: bí a ṣe ń kọ ìbéèrè, àti ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn tí ìdáhùn bá ti jáde.

1. Ẹ pinnu ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ kí ẹ tó ṣí ẹ̀rọ kankan

Malcolm Knowles, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, tẹnu mọ́ ọn pé àgbàlagbà máa ń fẹ́ mọ ìdí tí òun fi ní láti kọ́ nǹkan kí ó tó gbà láti kọ́ ọ, àti pé ìrírí tí ó kó wá sí kíláàsì jẹ́ ohun èlò tí a lè fi kọ́ni. Ìdìbò tí kò bá kan iṣẹ́ wọn tàbí ìgbésí ayé wọn yóò dà bí eré ọmọdé lójú wọn. Ẹ bi ara yín léèrè bóyá ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ fẹ́ wò, tàbí bóyá ẹ̀kọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yé wọn, tàbí bóyá ìrírí àti èrò wọn ni ẹ fẹ́ kó jọ. Bí ẹ kò bá lè sọ ohun tí ẹ óò yí padà nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà nítorí ìdáhùn tí ẹ bá rí, ẹ fi ìbéèrè náà sílẹ̀.

2. Ẹ kọ ìbéèrè tí àṣìṣe inú rẹ̀ lè kọ́ni

Ẹ jẹ́ kí a lo kíláàsì kan tí àwọn àgbàlagbà ti ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀ fún ẹni tí ó farapa. Olùkọ́ lè béèrè pé, “Kí ni ìtumọ̀ ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀?” Gbogbo wọn á dáhùn dáadáa, kò sì ní sí ẹni tí ó kọ́ ohun tuntun. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè pé, “Omi gbígbóná dà sí ẹnìkan lọ́wọ́. Kí ni ẹ óò kọ́kọ́ ṣe?”, tí ó sì fi ìdáhùn mẹ́rin síwájú wọn, pé kí a fi òróró tàbí ìpara pa á, kí a gbé yìnyín lé e, kí a na ọwọ́ náà sábẹ́ omi tútù tí ń ṣàn, tàbí kí a fi aṣọ wé e pinpin, àríyànjiyàn gidi yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́kàn wọn. Omi tútù tí ń ṣàn ni ìdáhùn tí ó tọ̀nà, fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Yìnyín lè tún pa ara náà lára sí i, òróró sì máa ń há ooru mọ́ inú awọ ara. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti rí ẹni tí ó lo òróró tàbí yìnyín nílé, ó sì dá wọn lójú pé ó dára. Irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè rere ń fà jáde.

Èyí fi hàn pé láti inú àṣìṣe tí àwọn ènìyàn ń ṣe ní tòótọ́ ni ó yẹ kí a ti mú àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Ẹ má ṣe fi ìdáhùn tí ẹnikẹ́ni kò lè yàn kún un kí iye rẹ̀ lè pé mẹ́rin. Mẹ́ta tí ó lágbára sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè kan dá lórí ohun kan ṣoṣo, kí ó sì kúrú tó láti kà tán lójú fóònù láìyí i sókè yí i sísàlẹ̀. Mo tún gba yín nímọ̀ràn pé kí ẹ máa fi “N kò tíì mọ̀” kún àwọn ìdáhùn. Ó ń gba àgbàlagbà lọ́wọ́ fífi ojú méfò, ó sì ń fi òótọ́ han olùkọ́, nítorí pé ẹni tí kò mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó mọ̀ òdì, ọ̀nà tí a ó gbà ran àwọn méjèèjì lọ́wọ́ kò sì lè jẹ́ bákan náà.

Bí ó bá jẹ́ ìrírí ni ẹ ń wá, ẹ lè lo irú ìbéèrè tí olúkúlùkù ti ń tẹ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ránṣẹ́, tí ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá tẹ̀ á sì máa tóbi sí i lójú pátákó. Fún ọ̀rọ̀ èrò, òṣùwọ̀n láti 1 dé 5 dára. Kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn kan tí ó tọ̀nà.

3. Ẹ yan ẹ̀rọ tí ó bá kíláàsì yín mu

Àwọn ẹ̀rọ ìdìbò tí wọ́n gbajúmọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra wọn nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Mentimeter wá láti Sweden. Slido bẹ̀rẹ̀ ní Slovakia, ilé-iṣẹ́ Cisco sì rà á ní ọdún 2021. Poll Everywhere wá láti Amẹ́ríkà, Kahoot! sì wá láti Norway. Fún ẹ̀kọ́ tí a ń ṣe lórí ayélujára, Zoom ní ìdìbò tirẹ̀ nínú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní apá tí a lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n apá ọ̀fẹ́ náà sábà máa ń ní òdiwọ̀n lórí iye ènìyàn tàbí iye ìbéèrè, nítorí náà ẹ wò ó dáadáa kí ọjọ́ náà tó pé.

Kahoot! ń fún ẹni tí ó bá tètè dáhùn ní máàkì púpọ̀ sí i, ó sì ń to orúkọ àwọn tí wọ́n ń ṣíwájú sójú pátákó. Àwọn kan fẹ́ràn ìdíje yìí, ṣùgbọ́n ó lè dójú ti àgbàlagbà tí kì í tètè kàwé, tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, tàbí tí èdè ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ mú máàkì kúrò lára ìbéèrè, kí ẹ sì fi kún àkókò.

Níbi tí fóònù kò bá kárí, Plickers ni mo fara mọ́ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á gba káàdì oníwèé kan tí a lè tẹ̀ fúnra wa; á yí i kí lẹ́tà ìdáhùn rẹ̀ lè wà lókè, olùkọ́ á sì fi kámẹ́rà fóònù tirẹ̀ nìkan ka gbogbo káàdì náà lẹ́ẹ̀kan.

4. Ẹ tọ́jú yàrá ẹ̀kọ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé

Ẹ fi fóònù mìíràn wọlé bí akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ sì dáhùn gbogbo ìbéèrè tán. Ẹ lọ jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá kí ẹ wò ó bóyá kóòdù ìwọlé, ìyẹn nọ́ńbà tàbí ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ̀ sórí fóònù rẹ̀ kí ó tó lè dìbò, ṣeé kà láti ibẹ̀. Ẹ múra sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ayélujára bá kọ̀: lẹ́tà A sí D lórí ìwé, tí gbogbo wọn yóò gbé sí àyà wọn lẹ́ẹ̀kan náà kí olùkọ́ nìkan lè rí i, máa ń ṣiṣẹ́ gan-an.

5. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, ẹ sì pa àdéhùn mọ́

Ní kúkúrú, ẹ ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi ń lo ìdìbò, pé kì í ṣe ìdánwò, àti bóyá orúkọ wọn yóò hàn tàbí kò ní hàn. Bí ẹ bá sọ pé kò ní hàn, kí ó rí bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́: àwọn ẹ̀rọ kan máa ń béèrè orúkọ kí ènìyàn tó wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ pa ìyẹn. Bí ẹnìkan bá rí i lẹ́ẹ̀kan péré pé a fi ìdáhùn òun hàn lẹ́yìn tí a ti ṣèlérí, kò tún ní fi òótọ́ dáhùn mọ́, àwọn tí wọ́n jókòó tì í náà kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìbéèrè kan tí kò le bẹ̀rẹ̀, kí olúkúlùkù lè fi mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì rọra ran ẹni tí fóònù rẹ̀ ń fà sẹ́yìn lọ́wọ́ láìpariwo.

6. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dìbò ní ìdákẹ́jẹ́

Ẹ ka ìbéèrè náà sókè pẹ̀lú gbogbo ìdáhùn rẹ̀, nítorí àwọn tí ojú ń dùn. Ẹ wá dákẹ́. Ẹ fi àbájáde pamọ́ títí ọ̀pọ̀ yóò fi dáhùn tán. Bí ọ̀pá tí ń fi iye ìbò ìdáhùn kan hàn bá ti ń ga lójú pátákó, àwọn tí wọn kò tíì dìbò yóò tẹ̀ lé èrò tí wọ́n rí, ohun tí ẹ kà kò sì ní jẹ́ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn mọ́.

7. Ẹ fi ìdáhùn wọn kọ́ wọn

Ibí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti máa ń kánjú. Wọ́n á fi àbájáde hàn, wọ́n á sọ èyí tí ó tọ̀nà, wọ́n á sì kọjá lọ. Eric Mazur, olùkọ́ ìmọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Harvard, bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà mìíràn ní ọdún 1991, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ ara wọn. Olúkúlùkù á kọ́kọ́ dá dìbò. Lẹ́yìn náà á bá ẹni tí ó sún mọ́ ọn jíròrò, á sì tún ìbò náà dì. Òdiwọ̀n tí àwọn tí ń lo ọ̀nà yìí sábà máa ń tẹ̀ lé ni pé bí àwọn tí ó gbà á kò bá tó 30 nínú 100, kí olùkọ́ tún ẹ̀kọ́ náà ṣàlàyé. Bí wọ́n bá ju 70 lọ, àlàyé ṣókí ti tó. Bí wọ́n bá wà láàárín méjèèjì, ìjíròrò ló yẹ.

Nínú kíláàsì ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀ wa, ká ní ìdajì ló yan omi tí ń ṣàn. Ẹ má tíì sọ ìdáhùn, ẹ má sì tíì fi àbájáde hàn. Ẹ ní kí olúkúlùkù wá ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀, kí àwọn méjèèjì sọ ìdí fún ara wọn fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ máa rìn láàárín wọn, kí ẹ máa tẹ́tí sí wọn, nítorí ohun tí ẹ óò gbọ́ níbẹ̀ yóò sọ ibi tí ìṣòro wà fún yín ju iye ìbò lọ. Lẹ́yìn ìbò kejì, ẹ fi àbájáde méjèèjì hàn. Ẹ má béèrè pé, “Ta ni ó yan yìnyín?” Ẹ béèrè pé, “Kí ni ó lè mú kí ènìyàn yan yìnyín?” Ẹni tí ó yàn án gan-an lè dáhùn ìbéèrè kejì yìí láìsọ pé òun ni, ẹ̀yin náà á sì lè bọ̀wọ̀ fún ìrònú tí ó wà nídìí rẹ̀, pé ohun tútù ń dín ìrora kù, kí ẹ tó ṣàlàyé ìpalára tí ó lè ṣe.

Ìbéèrè mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín wákàtí kan ti tó bí ẹ bá fẹ́ fún ìjíròrò ní àyè. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kàn máa tẹ fóònù ni.

8. Ẹ tọ́jú àbájáde náà fún kíláàsì tí ń bọ̀

Ẹ fi àbájáde pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì wo ìdáhùn òdì tí ọ̀pọ̀ yàn jù. Ẹ tún ìbéèrè kan náà gbé wá ní kíláàsì tí ó tẹ̀ lé e, kí ẹ yí ipò àwọn ìdáhùn padà kí ẹnikẹ́ni má baà rántí lẹ́tà nìkan, kí ẹ sì to àbájáde tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti ìṣáájú. Bí àwọn kan bá ṣì yan yìnyín, ẹ má tún àlàyé àná sọ bí ó ṣe wà. Ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ mìíràn ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tí wọ́n yí èrò padà ní ọjọ́ ìṣáájú sọ, bí wọ́n bá fẹ́, ohun tí ó mú wọn yí i padà.