Bí a ṣe ń wọn ìrìn bàálù láti éápọ́ọ̀tù kan sí òmíràn

Ẹ gbé rúlà yẹn sílẹ̀ ná. Máàpù tó wà lára ògiri kíláàsì, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ ni, ayé ò sì rí pẹrẹsẹ, ìdí nìyẹn tí bàálù tó ń ti London lọ Los Angeles fi sábà máa ń gba òkè Greenland kọjá, tẹ́ ẹ bá wò ó lórí máàpù ẹ máa ní páílọ́ọ̀tì ti ṣìnà. Kò ṣìnà o, ibẹ̀ ló yá jù.

Ẹ ṣí Google Maps, ẹ wá éápọ́ọ̀tù kìíní, ẹ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ títí àmì pupa á fi yọ, nọ́ńbà méjì máa jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣe ìkejì bẹ́ẹ̀. Ẹ wá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú kalikulétọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọn ìrìn láàárín ibi méjì.

Níbi kíkọ sílẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ti ń bà á jẹ́. Ọmọ kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Lagere, n'Ílé-Ifẹ̀, ó ti kọ ti JFK, éápọ́ọ̀tù New York, sẹ́yìn ìwé ẹ̀: 40.64, 73.78. Lójú fóònù, -73.78 ni. Ó ní òun rò pé wọ́n kàn fa ìlà yẹn síbẹ̀ lásán ni. Ìlà lásán kẹ̀! Òun ló ń sọ pé apá ìwọ̀-oòrùn ni, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, Kyrgyzstan lẹ máa bá ara yín, lọ́hùn-ún nítòsí Ṣáínà.

Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé ìdáhùn ọ̀hún ò jọ irọ́. Láti Lagos, ó gbé nǹkan bíi 7,900 kílómítà wá, bẹ́ẹ̀ 8,440 ló yẹ kó jẹ́. Tó bá jẹ́ 800 ló gbé wá, ṣebí ẹ máa fura. Torí ẹ̀, bírò pupa la fi ń yí máínọ́ọ̀sì ká, má lo pẹ́ńsù. Lagos ní tiẹ̀ (6.58, 3.32) ò ní máínọ́ọ̀sì kankan, ẹ má lọ fi kún un.

Ọ̀nà àbùjá wà: lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì Great Circle Mapper, ẹ tẹ LOS-JFK, ó tán. Kóòdù éápọ́ọ̀tù o, kì í ṣe orúkọ ìlú, torí Birmingham ti Ìlú Ọba ni BHX, ti Alabama ni BHM. Tẹ́ ẹ bá rí nm, máìlì àwọn páílọ́ọ̀tì nìyẹn, ẹ fi 1.852 sọ ọ́ di púpọ̀ kẹ́ ẹ tó pè é ní kílómítà.

Dáàtà tán? Ẹ wá gúlóòbù àti òwú ìránṣọ, kì í ṣe wúùlù, wúùlù máa ń fà. Ẹ wé e mọ́ gúlóòbù láàárín yíká. Tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 94, gbogbo ayé sì jẹ́ nǹkan bíi 40,000 kílómítà yíká, sẹ̀ǹtímítà kan wá jẹ́ bíi 425. Ẹ wá na òwú yẹn láti Lagos sí New York: tèmi gba bíi sẹ̀ǹtímítà 20, ìyẹn 8,500 kílómítà, ó sún mọ́ ọn dáadáa.

Bàálù fúnra ẹ̀ máa ń rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, torí atẹ́gùn àti ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un. Ti Ifẹ̀ dé Ìkẹjà ò sì sí nínú ẹ̀ rárá, dírẹ́bà lẹ máa bi léèrè ìyẹn.