Kí Ló Ń Pa Ewéko Ajẹkòkòrò Mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Ewé Venus flytrap mi ń pọ́n, etí rẹ̀ sì ń dúdú. Mo fi ajílẹ̀ sí i bíi ti àwọn òdòdó mi yòókù, omi ẹ̀rọ ni mo sì ń bu sí i. Ṣé ebi ló ń pa á?

Ìdáhùn: Ebi kọ́ o, ajílẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ewéko ń fi gbòǹgbò fa nítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù pọ̀ mọ́ omi láti inú ilẹ̀. Ní ti Venus flytrap, ilẹ̀ olómi ní North Carolina àti South Carolina, ní Amẹ́ríkà, ló ti ń lalẹ̀ hù. Ilẹ̀ ibẹ̀ ní ásíìdì, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní nítírójìn. Ìdí nìyẹn tó fi ń fi ewé wá a lára kòkòrò. Ajílẹ̀ máa ń jó irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀, iyọ̀ inú omi ẹ̀rọ sì lè dá kún un díẹ̀díẹ̀.

Ẹ tú u kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ yẹn lónìí. Ẹ fi omi òjò ṣan gbòǹgbò rẹ̀, kí ẹ tún un gbìn sínú peat moss (ewéko ilẹ̀ olómi tó ti jẹrà díẹ̀) tí kò ní ajílẹ̀, tí ẹ pò mọ́ yanrìn tí ẹ ti fọ̀ dáadáa. Láti ìsinsìnyí lọ, omi òjò tàbí omi distilled (omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò) nìkan ni kí ó máa mu. Omi tí ẹ kàn sè lásán kò rọ́pò wọn, torí iyọ̀ kì í bá ooru lọ.

Ìbéèrè: Ṣé bí kò bá rí kòkòrò jẹ, kò ní kú?

Ìdáhùn: Kò ní tètè kú, ó kàn máa falẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló fi ń ṣe ṣúgà tó ń gbé e ró, bíi ti ọ̀pọ̀ jù lọ ewéko. Òkùnkùn ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ìbéèrè: Mo fi ẹran sínú pàkúté rẹ̀, ìyẹn ewé tó fi ń mú kòkòrò. Ó pa dé, ó tún ṣí, ẹran náà sì jẹrà.

Ìdáhùn: Ẹ má fún un ní ẹran mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ìrun tín-ín-rín wà nínú pàkúté náà, mẹ́ta-mẹ́ta ló sábà máa ń wà lápá kọ̀ọ̀kan. Bí nǹkan bá kàn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20, á pa dé. Ṣùgbọ́n kòkòrò gbọ́dọ̀ máa jà nínú rẹ̀ kó tó da oje tó ń yọ́ oúnjẹ jáde. Ẹran kì í jà. Eṣinṣin tàbí èèrà tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta pàkúté lọ ló dára. Tó bá jẹ́ òkú kòkòrò, ẹ rọra máa tẹ pàkúté náà láti ìta. Kí àwọn ọmọdé má sì máa fi ìka tọ́ ọ ṣeré: agbára rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣòfò.

Ìbéèrè: Pàkúté tó ti jẹun lẹ́ẹ̀mẹta ti dúdú.

Ìdáhùn: Ó ti gbó ni. Bí tuntun bá ń yọ láàárín, ẹ gé èyí tó dúdú náà dànù.

Ìbéèrè: Nepenthes, ewéko ajẹkòkòrò tí ewé rẹ̀ rí bí ife, ńkọ́? Omi inú ife rẹ̀ dànù nígbà tí mò ń gbé e.

Ìdáhùn: Inú omi yẹn ni kòkòrò tó bá yọ̀ ṣubú láti ẹnu ife ti ń yọ́. Ẹ bu omi òjò díẹ̀ padà sí i, kó má gbẹ. Ẹ má bù ú kún.