Bí Mo Ṣe Ń Kọ́ Ìyá Ìkókó àti Ìyá Àgbà Nípa Oorun Ọmọ

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, bèbí onírọ́bà kan, ẹní kékeré àti ìrọ̀rí kan kì í kúrò nínú báàgì mi. Nọ́ọ̀sì ni mí n'Íbàdàn.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ẹbí kan, ẹ má tíì sọ̀rọ̀. Ẹ gbé bèbí fún ìyá àgbà, torí òun ló ń tẹ́ ọmọ sùn lóru, kí ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tẹ́ ẹ bí ẹ ṣe ń tẹ́ tiyín nílé." Ọ̀pọ̀ wọn á dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọn á fi ìrọ̀rí tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ má bá wọn wí. Ẹ bèèrè ìdí. "Kí ọmú má baà há a lọ́fun ni." Ẹ̀rù gidi ni. Mo máa ń na ìka méjì, mo fi ọ̀kan lé èkejì: ọ̀kan ọ̀nà èémí, ọ̀kan ọ̀nà oúnjẹ. Tí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà èémí ló wà lókè. Ọmú tó bì gbọ́dọ̀ gun òkè kó tó dé ibẹ̀. Tó bá dojú bolẹ̀, mo yí ìka mi po, ọ̀nà èémí bọ́ sísàlẹ̀. Ìyá àgbà kan wo ìka mi títí, ó ní, "Háà, omi kì í ṣàn gòkè." Àtìgbà náà ni mo ti ń jí ọ̀rọ̀ yẹn lò. Fífi ẹ̀gbẹ́ sùn náà ò dáa, ọmọ á yí dojú bolẹ̀.

Àwọn kan á ní nọ́ọ̀sì ló kọ́ àwọn bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Òótọ́ lè ni. Àwọn òyìnbó pàápàá ń dojú ọmọ bolẹ̀ nígbà náà. 1991 ni ìpolongo fífẹ̀yìnsùn bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba, 1994 ní Amẹ́ríkà, ikú òjijì àwọn ìkókó lójú oorun sì dín kù gan-an.

Ẹ má sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì ọmọ fún ẹni tó ń gbé yàrá kan. Fóòmù tó le, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, nínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù, ó tó. Ẹ tẹ ojú bèbí mọ́ ìrọ̀rí kí wọ́n rí bí imú ṣe ń rì. Wọ́n máa ń dákẹ́ síbẹ̀. Tí ọmọ àti ìyá bá jọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan, ẹ bèèrè láìtijú ẹni tó ń mutí tàbí tó ń mu sìgá níbẹ̀. Sísùn pẹ̀lú ọmọ láyà lórí àga onítìmùtìmù, rárá o.

Nígbà ọyẹ́, wọ́n á dì í bí ẹ̀kọ. Kí wọ́n fọwọ́ kan àyà rẹ̀. Tó bá ń làágùn, aṣọ ti pọ̀ jù. Kí wọ́n ṣí fìlà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ońdè: kí wọ́n bọ́ ọ kúrò lọ́rùn, kí wọ́n fi kọ́ ògiri tó jìnnà sí ọmọ, á lè ṣọ́ ọ látibẹ̀. Orí tó lè tẹ́ pẹlẹbẹ nítorí fífẹ̀yìnsùn ńkọ́? Kó dojú bolẹ̀ nígbà tó bá lajú tí ẹnìkan ń wò ó. Ẹ sì máa pọ̀n ọ́n.

Kí wọ́n tó lọ, bèbí á padà sọ́wọ́ ìyá àgbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ dáadáa, ó wá ju ìrọ̀rí sí mi lẹ́sẹ̀: "Nọ́ọ̀sì, gba ẹrù ẹ."