Jọ́ìntì Ìrù Ẹyẹlé Tí Kò Nílò Ìyẹ̀fun Igi

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́, ìyẹ̀fun igi tí a fi gọ́ọ̀mù funfun pò la fi ń dí ojú jọ́ìntì tó bá là. Oníbàárà kì í rí i lọ́jọ́ tó bá gbé ẹrù ẹ̀ lọ. Bí ọyẹ́ bá dé, tí pákó gbẹ tó sì súnkì, ìyẹ̀fun náà á jábọ́, igun á wá máa yánu. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí àpótí aṣọ tí mo kàn fún àbúrò mi obìnrin nígbà ìgbéyàwó ẹ̀, ó sì ń dùn mí di òní. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti jọ́ìntì ìrù ẹyẹlé yìí títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n. Nínú ẹ̀, orí pákó kan la ó gé bí ìrù ẹyẹlé tó fẹ̀ lẹ́nu, orí pákó kejì la ó gé sí èèkàn tó máa wọ àárín àwọn ìrù náà.

Ẹ fi ọmọ̀ tàbí àfàrà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rọ̀, ayùn kì í jà nínú wọn. Ìrókò lẹ́wà, ṣùgbọ́n òkúta máa ń wà nínú ẹ̀, ẹnu ṣísẹ́lì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n lè ṣá kí ẹ tó yọ ìrù kejì. Kí pákó gbẹ dáadáa, kí orí ẹ̀ sì gún régé. Bí orí pákó bá wọ́, ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe.

Ẹ fi géèjì, irinṣẹ́ tí a fi ń fa ìlà tó bá orí pákó dọ́gba, fa ìlà ìdí yí pákó ká, kí jíjìn ẹ̀ bá nínípọn pákó kejì mu. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ìrù. Fún igi tó rọ̀, bí ẹ bá lọ síwájú ní ìwọ̀n 6, kí ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní 1. Fún igi líle, 8 sí 1. Bí ìrù bá ya ju bó ṣe yẹ lọ, etí ẹ̀ á máa ṣẹ́.

Ayùn tí eyín ẹ̀ kéré ni kí ẹ lò. Tí ìrù bá ṣe wọ́kọ́ díẹ̀, kò séwu, èèkàn á tẹ̀lé e. Ohun tí kò gbọdọ̀ wọ́ ni bí ayùn ṣe sọdá láti ojú pákó dé ẹ̀yìn ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọ àárín ìrù, ẹ má gbé ṣísẹ́lì lé ìlà ìdí gan-an. Ẹgbẹ́ kan ẹnu ẹ̀ ló dagun. Bí òòlù bá bà á, á ta sẹ́yìn, á jẹ ìlà yẹn lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní mílímítà kan sí i, ní apá tí a ó jù nù, ẹ lù ú dé ìdajì, ẹ yí pákó padà, ẹ lu ìdajì tó kù. Ìgbà tí àárín bá ti ṣófo lẹ ó wá gbé ṣísẹ́lì sínú ìlà, ọwọ́ nìkan lẹ ó fi tì í.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á tún gbé rúlà fún pákó kejì. Ẹ má wọn ọ́n. Pákó àkọ́kọ́ ni rúlà ẹ̀. Mo máa ń de pákó èèkàn mọ́ fáìsì, irin tó ń di pákó mú lára bẹ́ǹṣì, lóòró, màá gbé pákó ìrù lé e lórí ní ìbú, ìlà ìdí ẹ̀ á bá ojú inú pákó ìsàlẹ̀ ṣe déédéé. Màá fi ìgbọ̀nwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣónṣó ọ̀bẹ á wá máa tọ etí ìrù kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má lo pẹ́ńsù: ìlà ẹ̀ nípọn, ẹ ò ní mọ apá wo gan-an lẹ ó gé. Apá tí a ó jù nù ni kí ayùn rìn, kí ìlà ọ̀bẹ ṣì hàn.

Ẹ dán an wò díẹ̀, kó wọ ìdajì, kẹ́ ẹ fà á jáde. Ibi tó bá ń dán ló há. Ẹ fi ṣísẹ́lì ha ibẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá ń tì í wọlé tán, tí ẹ tún ń fà á jáde léraléra, á dẹ̀. Gọ́ọ̀mù díẹ̀ ló kù, kí ẹ fi klámpù dì í.

Ní ti férémù fọ́tò tí n kì í gé ìrù sí, pẹlẹbẹ igi ni mo máa ń fi há àárín igun ẹ̀, torí gọ́ọ̀mù kì í mú orí igi dáadáa. Ẹ lẹ férémù, kó gbẹ, kí ẹ fi ayùn la igun ẹ̀ láti ìta, kí ẹ wá ti pẹlẹbẹ náà wọlé pẹ̀lú gọ́ọ̀mù. Kí ìlà ara ẹ̀ gba orí ojú ibi tí igi méjèèjì ti pàdé kọjá. Àtàǹpàkò ni kó tì í wọlé, kì í ṣe òòlù. Ìyẹ̀fun tó bá jábọ́ sórí bẹ́ǹṣì, ẹ gbá a dànù.