Mercedes 450 SLC tí kì í fẹ́ sítáàtì bó bá ti gbóná: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ tún Mercedes 450 SLC tí bàbá wa rà ní 1977 ṣe tán. Láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń ta. Ṣùgbọ́n tí mo bá wà á láti Adó dé Ẹ̀fọ̀n, tí mo pa á kí n lè jẹun, á kọ̀ jálẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú ogún. Mẹkáníìkì wa ní ká yọ ìńjẹ́ṣọ̀n rẹ̀ dànù, ká fi kabúrétọ̀ sí i. Ṣé ká gbà?

Ìdáhùn: Má gbà o, àbúrò mi. Nǹkan kékeré ló ń ṣe mọ́tò yẹn, ohun tí wọ́n sì fẹ́ gé kúrò lára rẹ̀ kò ṣeé dá padà bọ̀rọ̀.

Ìńjẹ́ṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní K-Jetronic, ti ilé iṣẹ́ Bosch, ló wà lára rẹ̀; òun ló ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Pọ́ǹpù tó wà lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń ti epo lọ síwájú pẹ̀lú agbára tó tó nǹkan bíi 5 bar. Bí o bá pa ẹ́ńjìnnì, kò yẹ kí agbára yẹn lọ tán. Ó yẹ kí díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú páìpù, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí ooru ẹ́ńjìnnì sọ epo di oru. Tó bá ti jò lọ, epo á hó, oru á gba inú páìpù, wàá máa yí kọ́kọ́rọ́ láìsí epo tó ń dé iwájú. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, oru á padà di epo, mọ́tò á sì ta bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Ìdí tí o fi ń dúró fún ogún ìṣẹ́jú nìyẹn.

Nígbà mìíràn tó bá tún kọ̀, kọ́kọ́ wo sítátà. Bó bá ń yí ẹ́ńjìnnì dáadáa, má fi ẹ̀sùn kan bàtírì. Ní kí réwáyà yẹ iná pílọ́ọ̀gì wò nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì gbóná, torí iná náà lè sá nítorí ooru. Bí iná bá wà, yí kọ́kọ́rọ́ síbi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, má sítáàtì, dúró díẹ̀, kí o sì dá a padà. Ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin sí márùn-ún, kí ẹnì kan máa gbọ́ bí pọ́ǹpù ṣe ń kùn lẹ́yìn. Tó bá ta lẹ́yìn ìyẹn, á jẹ́ pé agbára epo ló ń jò.

Ibi tó ti ń jò kì í sábà jìnnà sí pọ́ǹpù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni akúmúlétọ̀ wà, irin róbótó bí agolo mílíìkì. Sípíríǹgì àti rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń di agbára epo mú. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, tú orí bàtírì, gbé ohun ìpaná sítòsí, kí o wá yọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní ìdí akúmúlétọ̀ náà. Bí epo bá ń kán níbẹ̀, rọ́bà inú ti ya, tuntun ló kù. Bó bá gbẹ, fura sí fáfù kékeré tó wà lẹ́nu pọ́ǹpù, èyí tí kì í jẹ́ kí epo padà sẹ́yìn. A lè pààrọ̀ fáfù yẹn láìra odindi pọ́ǹpù, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ọ́ ní pọ́ǹpù kó tó dán ìyẹn wò. Èéfín dúdú tó bá bú jáde nígbà tó ta tán ní tirẹ̀ ń tọ́ka sí ìńjẹ́tọ̀ tó ń kán epo sínú ẹ́ńjìnnì. Mẹkáníìkì tó ní géèjì agbára epo á fìdí gbogbo rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹni tó bá ń sọ pé ìńjẹ́ṣọ̀n yìí ò bá ooru ilẹ̀ wa mu, sọ fún un pé 450 SLC 5.0 ni Hannu Mikkola, awakọ̀ ìdíje, fi gba ipò kìíní nínú ìdíje ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bandama ní Côte d'Ivoire ní 1979. Inú ooru àti eruku ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ti sá a.

Ìbéèrè: Ó tún máa ń rẹ̀ ẹ́ tó bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n.

Ìdáhùn: Gbàrà tó bá ti rẹ̀ ẹ́, dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ṣí ìdérí táǹkì. Bó bá fa afẹ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú ariwo, ihò tí táǹkì fi ń mí ló dí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, asẹ́ inú táǹkì àti fílítà ni. Ọkọ̀ tó ti jókòó fún ọdún gbọọrọ máa ń ní ìpẹtà nínú táǹkì, àwọn tó kùn ún lóde kì í sì í fọ inú rẹ̀. Fọ̀ ọ́ kí o tó fi ohunkóhun tuntun sí i.

Ìbéèrè: Ẹnì kan láti Èkó fẹ́ rà á. Ó ní ìwé wa ò bára mu, pé ti àtijọ́ ń sọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ti ìsinsìnyí ń sọ Èkìtì. Ó fẹ́ fi ìyẹn já owó.

Ìdáhùn: Ìwé yín bára mu gan-an ni. Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1996 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Láti 1976, abẹ́ Oǹdó ni Adó wà, nítorí náà ìwé 1977 gbọ́dọ̀ sọ Oǹdó. Ká ní o mú ìwé 1985 tó ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì lórí wá ni, èmi gan-an á sá fún un.

Nọ́ńbà ṣásí ni kó bá ọ yẹ̀ wò. 107.024 ni 450 SLC fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi èyí tí wọ́n tẹ̀ sára irin wé ti orí ìwé, nọ́ńbà kan sí èkejì. Mercedes tún ní káàdì fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ṣe: nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, ọ̀dà, àti ohun tó bá a wá láti ilé iṣẹ́. Béèrè fún ti yín. Ohun tó mú kí n kọ̀ kabúrétọ̀ náà nìyẹn: ẹni tó bá mú káàdì yẹn lọ́wọ́ á ṣí bónẹ́ẹ̀tì, á rí i lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti tú ọkọ̀ yìí.

Bẹ́ẹ̀ bá pààrọ̀ akúmúlétọ̀, má ju ti àtijọ́ nù. Dì í sínú nylon, kọ ọjọ́ àti iye kìlómítà sí i, kí o fi rísíìtì rẹ̀ mọ́ àwọn ìwé bàbá. Jẹ́ kí ará Èkó yẹn wo gbogbo rẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ owó.