Bí ológbò wa ṣe bọ́ lọ́wọ́ oró ọ̀tàpíàpíà

A fín ọ̀tàpíàpíà, ìyẹn oògùn apakòkòrò, sí yàrá kan nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí ìdun, ológbò wa sì lọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní ibẹ̀, ó ń lá irun ara rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọmọlójú rẹ̀ sì sún kì bí orí abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ṣe ni ó yẹ kí ó fẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. A rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ó bì í. A tún fún un ní mílíìkì, ìyẹn náà kò ṣe nǹkan kan, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sì lè ṣì wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ohun tó gbà á là ni pé mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́ kí ó má baà lá oró tó kù lára rẹ̀, mo sì gbé òun àti ìgò oògùn náà tọ dókítà ẹranko lọ kíákíá. Abẹ́rẹ́ atropine, oògùn tó ń dènà iṣẹ́ irú oró yìí lára, ni dókítà gún un, itọ́ náà sì gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó jẹ ẹja. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo ológbò ni yóò yè é, nítorí bí oró náà bá ti pọ̀ jù lára, abẹ́rẹ́ lè má ràn án mọ́.